Ìyá Táyà Dáhùn: Ọkọ̀ Mẹ́rin, Àpò Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Táyà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tu owó jọ kí n lè ra ọkọ̀ eré olílẹ̀kùn méjì, èyí tí táyà ẹ̀yìn ń tì, kì í ṣe èyí tí táyà iwájú ń fà. Àlòkù ni agbára mi ká. Mo ti ṣà wọ́n títí ó fi ku mẹ́rin: Toyota 86 ti 2013, Hyundai Genesis Coupe 2.0 oní-tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì), Nissan 370Z àti Ford Mustang EcoBoost ti 2015. 86 ni ọkàn mi fẹ́, àmọ́ bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ni. Wọ́n ní agbára rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ tí ìyá àgbà fi ń lọ wo ọmọ-ọmọ. Ẹ bá mi gbé wọn lé ìwọ̀n: agbára, bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà, àti ẹwà. Mo sì gbọ́ pé 86 ni ẹ̀yin náà ń wà. Ẹ má ṣe ojúsàájú o. — Ẹni Tí Wọ́n Ń Fi Rẹ́rìn-ín

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ojúsàájú kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wa 86 pupa kan, 2013 bí èyí tí o ń wò, orí jíà rẹ̀ sì ti dán níbi tí àtẹ́lẹwọ́ mi ń gbé débi pé n kò rí nọ́ńbà jíà kẹta mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó rà á, ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ènìyàn ní pápá olómi, níbi tí a ti ń fi omi rin ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè yọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ́ bí a ṣe ń gbà á padà. Mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o kà yìí. Orí mi ti gbá gíláàsì nínú méjì nínú wọn. N ó sọ ohun tí mo mọ̀, kí ìwọ fúnra rẹ máa yọ ojúsàájú mi kúrò níbẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Agbára ni wọ́n fi ń bú ọ, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lórí ìwé, 86 ló kẹ́yìn: ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, agbára ẹṣin 200, ó sì ní láti máa yí ní ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Genesis Coupe 2.0 ti ìbẹ̀rẹ̀ ní 210. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún ọdún 2013, wọ́n gbé e dé 274. Mustang EcoBoost, lítà 2.3 tòun ti tọ́bò, ní 310. 370Z kò ní tọ́bò rárá, àmọ́ sílíńdà mẹ́fà àti lítà 3.7 ló ní, òun sì ni ọ̀gá wọn: 332. Láti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí, Toyota fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé 86 oníjíà ọwọ́ ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 7.6. Ford kọ 5.8 fún Mustang yẹn, Nissan kọ 5.3 fún 370Z. Bó bá jẹ́ pé láti iná pupa kan sí èkejì lo fẹ́ fi sáré, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ti borí, lọ ra 370Z. (Má sáré láti iná pupa kan sí èkejì. Mo ti sọ ọ́ o.)

Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ni ẹrù tí àwọn ẹṣin yẹn rù. 86 wọn nǹkan bíi 1,240 kìlógíráàmù. Genesis àti 370Z ń lọ sí bíi 1,500. Mustang sún mọ́ 1,600. Pín ìwọ̀n fún àwọn ẹṣin, kí o wo iye tó kan ẹyọ kan. Ẹṣin kan nínú 86 ru bíi kìlógíráàmù 6.2. Ti Mustang ru bíi 5.2, ti 370Z ru 4.5, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n wo Genesis oní-210: ẹṣin mẹ́wàá ló fi ju 86 lọ, síbẹ̀ ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rù lé ní kìlógíráàmù 7. Nítorí náà, bí ẹni tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín bá jẹ́ onígenesis ti àkọ́kọ́, sọ fún un pé mo ní kó lọ wọn ọkọ̀ rẹ̀.

Ibi tí agbára ń gbé tún yàtọ̀ sí iye rẹ̀. Ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ṣáàfù ni mo ń sọ, èyí tí wọ́n ń kọ ní Nm. Ti 86 jẹ́ 205, òkè téńté ló sì wà, ní bíi ìyí 6,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ti Genesis ti ìbẹ̀rẹ̀ lé ní 300, láti 2,000 ló sì ti dé. Ti Mustang lé ní 430. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí o bá wà ní jíà kẹrin lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan, tí o fẹ́ yà á sílẹ̀, nínú Mustang, o kàn máa tẹ tòrótù, ó parí. Nínú 86, o máa já jíà sí ìkẹta, nígbà mìíràn sí ìkejì, kí o tó ronú nípa rẹ̀. Ihò kan tún wà nínú agbára rẹ̀ láàárín 3,500 sí 4,500 tí gbogbo ẹni tó bá ti wà á mọ̀. O tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ìgbà tí o bi ọmọ ní ìbéèrè tó ń wo òrùlé. Lẹ́yìn náà ló máa wá dáhùn, pẹ̀lú ariwo. Bó ṣe wà nìyẹn títí wọ́n fi gbé GR86, àrọ́pò rẹ̀, jáde ní 2021, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di lítà 2.4, tí 250 Nm rẹ̀ sì ń dé ní 3,700. Ihò náà dí pátápátá, 7.6 yẹn sì di 6.3. Bí owó rẹ bá lè nà dé ọ̀dọ̀ GR86, ju ìyókù lẹ́tà yìí nù.

Kò lè nà débẹ̀? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á wá sí kọ́nà, nítorí ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á tẹ́ ẹní sí.

Ìdí tí a fi ń wá ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì ni pé iṣẹ́ méjì kì í pàdé lọ́rùn táyà kan. Nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà, táyà méjì iwájú yẹn ni yóò darí, àwọn náà ni yóò fà. Bí o bá tẹ tòrótù jù nínú kọ́nà, wọn á jù ìdarí sílẹ̀, imú ọkọ̀ á máa lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n pè tí kò gbọ́. Nínú tiwa, iwájú ń darí, ẹ̀yìn ń tì. O lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí ọkọ̀ bí o ṣe ń fi ọwọ́ yí i. Adùn rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ní pápá olómi, mo máa ń lẹ ọ̀já funfun kékeré mọ́ orí sítíárìn, níbi tí agogo méjìlá yóò wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ibi tí táyà iwájú kọjú sí nígbà tí orí bá ti dàrú. A ó máa yí òbìrípo kan ká ní bíi 40 kìlómítà ní wákàtí, èmi á ní kó fi kún tòrótù díẹ̀. Nínú 86, ìdí rẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ìjókòó á gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìdí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga, àyè á sì wà láti ka ení, èjì, kí o tó ní láti yí sítíárìn tọ ibi tí ìdí ń fì sí. Mo ti rí ọmọ tí kò tíì wa ọkọ̀ tó ń yọ̀ rí láyé rẹ̀ tó gbà á padà ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọ̀já funfun á lọ sí agogo mẹ́wàá, á padà sí méjìlá, ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ ọkọ̀ mìíràn ní iye owó yẹn tó ń kọ́ni pẹ̀lú irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe idán. Ẹ́ńjìnnì tí Subaru ṣe fún un, ńṣe ló dùbúlẹ̀: sílíńdà méjì nà sí ọ̀tún, méjì nà sí òsì, kò nàró bí ti ìyókù. Ohun tó wúwo jù nínú ọkọ̀ wá sún mọ́ ilẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ pín bíi 53 nínú ọgọ́rùn-ún sí iwájú, 47 sí ẹ̀yìn. Bí mo bá jókòó sínú tèmi tí mo ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi ń kan ilẹ̀ láìtẹ̀ síwájú. Táyà rẹ̀ náà kò fẹ̀, mìlímítà 215 péré, ó sì jẹ́ irú Michelin Primacy kan náà tí Prius kan, ọkọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe kó má bàa jẹ epo, lò. Àwọn kan fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà jáde. Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé táyà tí kò di ilẹ̀ mú jù máa ń jẹ́ kí o dé òpin agbára ọkọ̀ ní eré tí kò ní pa ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra 86 tó sáré lọ fi táyà gbàgìdì sí i ti ra ìwé tó sì ti fa ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ya.

370Z yàtọ̀. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 245, ó sì jẹ́ 275 nínú èyí tó ní àgbá ńlá oní-ínṣì 19. Ó di ilẹ̀ mú, ó di í mú, ó tún di í mú, àfi gbì! Ó ti já. Nínú rẹ̀ ni orí mi ti gbá gíláàsì lẹ́ẹ̀kíní. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọkọ̀ yẹn kúrú láti táyà iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, eré tó sì fi já pọ̀ ju eré tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣírò. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ gidi ni. Sítíárìn rẹ̀ wúwo dáadáa, o máa mọ gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: nínú àwọn tó ní in, bí o bá ń já jíà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á gbé eré ẹ́ńjìnnì sókè kí jíà lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun ni ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ tó kọ́kọ́ ní irú ẹ̀ tí wọ́n tà fún gbogbo ayé.

Ti Mustang ya àwa tí a ti mọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Láti 1964 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bí ọ̀kan bá gun kòtò, èkejì á mì. Ní 2015 ni wọ́n yọ ọ̀pá yẹn kúrò nínú gbogbo wọn, tí táyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oní-2.3 yẹn tún mú kí imú rẹ̀ fúyẹ́ ju ti onísílíńdà mẹ́jọ lọ, kò sì lọ́ra láti wọ kọ́nà. Àmọ́ o ò ní gbàgbé pé ọkọ̀ ńlá lo ń wà. Lójú ọ̀nà tóóró, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni gbé àga onígbọ̀ọ̀rọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Tọ́bò rẹ̀ náà, bí o bá tẹ tòrótù láàárín kọ́nà, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nígbà tó bá sì dé, gbogbo rẹ̀ ló máa dé pọ̀. Ibẹ̀ ni gíláàsì kejì ti pàdé mi.

Genesis, n kò ní púpọ̀ láti sọ. Kò ṣe ohun tó burú, kò ṣe ohun tí mo sọ délé. Bí o bá fẹ́ ẹ, wá èyí tí wọ́n tún ṣe, oní-274, kí o sì wá èyí tó ní bíréèkì Brembo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó, ìyẹn ló sì jẹ́ kí owó rẹ̀ rọ̀ lọ́jà àlòkù.

Ẹwà wá kù, a ò sì lè bá ojú ẹlòmíràn jà. 86 kúrú, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ ga díẹ̀, bí ọmọ ológbò tó fẹ́ fò. Ọdún kẹsàn-án rèé, mo ṣì ń bojú wẹ̀yìn wò ó tí mo bá ti kì í mọ́lẹ̀ tán. 370Z, èmi ò fẹ́ràn iná iwájú rẹ̀ tó dà bí ìwọ tí wọ́n fi ń pẹja, àmọ́ ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, lẹ́tà Z róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú rẹ̀ sì tún jẹ́ iná tó ń tan nígbà tí o bá fẹ́ yà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mustang ni gbogbo ènìyàn á mọ̀ láti òkèèrè: ìlà iná mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn, òrùlé tó ń ṣàn lọ sílẹ̀, ẹṣin lójú. Genesis, wo fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ibi tí ìlà náà ti sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Ẹlòmíràn rí i, ó ní iṣẹ́ ọnà ni. Lójú mi, ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń ya àwòrán gbọ́ pé wọ́n ń pe òun. Àwọn ihò tí wọ́n yà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì èyí tí wọ́n tún ṣe náà, afẹ́fẹ́ kò gba ibẹ̀ wọlé. Irọ́ ni wọ́n.

Kí o tó sanwó lórí èyíkéyìí, ṣe ohun kan fún mi. Jókòó sínú 370Z, di bẹ́líìtì, kí o bojú wẹ̀yìn láti èjìká bí ẹni fẹ́ yí ọ̀nà. Òpó ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi débi pé ọkọ̀ kan lè fara pamọ́ síbẹ̀ pátá. Tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: bó bá rọ̀ tí kò tètè dìde padà, ohun tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì nínú àpótí jíà ti ń kú lọ, àpótí náà sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ti 86, ní ọdún 2018 wọ́n pe ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe padà láti pààrọ̀ sípíríǹgì fáàfù wọn. Béèrè ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì ni, nítorí náà béèrè ẹni tó ṣe é pẹ̀lú. Nínú 370Z àti Genesis, béèrè bóyá ó ní dífúrẹ́ńṣà tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kan máa yí lásán nígbà tí èkejì ń wò ó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Ìdáhùn mi? Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tààrà gígùn lo ń rìn lójoojúmọ́, Mustang. Bó bá jẹ́ pé o ti kápá ọkọ̀ tó ń yọ̀ rí, tí kì í ṣe lẹ́nu, 370Z. Ṣùgbọ́n o sọ pé ọkàn rẹ fẹ́ 86, ó sì jọ pé o kò tíì wa irú ọkọ̀ yìí rí. Ọkọ̀ oní-332 tí o ń lo ìdajì agbára rẹ̀ nítorí ẹ̀rù, àti èyí tó ní 200 tí o ń lò dé ìlà pupa, ibi tí eré ẹ́ńjìnnì parí sí, nínú gbogbo kọ́nà, èwo ló ń sáré jù? Ra 86. Kí o gbé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o wá ojú ọ̀nà tó lọ́, kí o má sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi kò fẹ́ gbọ́ ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì sétí. Ó ní bí òjò bá rọ̀, èyíinì á pa mí. Ṣé òótọ́ ni? — Olóbìnrin Kan

ÌDÁHÙN: Ọkọ mi, ìyàwó rẹ kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán.

Mo ti pòòyì rí. Kì í ṣe ní pápá olómi, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún mi kí ọkọ̀ máa pòòyì. Oríta róbótó kan ni, ojú ọ̀nà tí mo ti ń gbà fún ọdún bíi mẹ́fà, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Omi àkọ́kọ́ yẹn ló burú jù, nítorí òun ló ń gbé epo àti eruku tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà dìde. Táyà ẹ̀yìn mi ti pá dé ibi àmì. Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń sọ pé “lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Mo tẹ tòrótù díẹ̀ bí mo ṣe ń jáde, ìdí fì, àyà mi já, ni mo bá ṣe ohun tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá pariwo sí àwọn ẹlòmíràn pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe: mo yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tòrótù wàì. Bí o bá yọ ẹsẹ̀ lójijì, ìwọ̀n ọkọ̀ á dà sí iwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìwọ̀nba tó fi di ilẹ̀ mú á tún lọ. Ọkọ̀ mi yí, ó kọjú síbi tí mo ti ń bọ̀. Kò kan ohunkóhun. Awakọ̀ kan dúró, ó wò mí, ó rí bí orí mi ṣe funfun, ó ní, “Ìyá, ẹ rọra o.” N ò sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún un.

Pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í kọ́ ló yí mi. Táyà pípá ni. Àwọn ọkọ̀ tí a ń sọ yìí ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ: bí ìdí bá fẹ́ fì, á tẹ bíréèkì táyà kan ṣoṣo, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí o tó mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 2012, ó pọn dandan. Mo ti pa tèmi lọ́jọ́ náà, ká ní mi ò tẹ bọ́tìnnì yẹn ni, òun ì bá gbà mí. Nítorí náà: táyà tó lójú, bọ́tìnnì tí a kò fọwọ́ kàn nígbà òjò, ẹsẹ̀ tó rọra tẹ̀ tó sì rọra yọ. Gbé ìyàwó rẹ lọ sí pápá olómi fún ọjọ́ kan. Àwọn obìnrin ló ń tètè mọ̀ ọ́n jù nínú àwọn tí mo kọ́, nítorí wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé Toyota 86 àti Subaru BRZ kì í ṣe ọkọ̀ kan náà? Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ ní 86? — Ọmọ Iléèwé

ÌDÁHÙN: Ìbejì ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ Subaru kan náà ní Japan ló bí àwọn méjèèjì, ní 2012, Toyota sì tún ta á ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ Scion FR-S. Ojú wọn yàtọ̀ díẹ̀, ẹnu 86 fẹ̀ ju ti BRZ lọ. Bí wọ́n ṣe to ṣọ́ọ̀kì wọn náà kò dọ́gba: BRZ fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ sí i, ìdí 86 sì yá láti fì. Ẹni tó bá ní òun lè fi dídì ojú mọ èyí tí òun ń wà, béèrè iye tó fẹ́ fi tayò.

Ní ti orúkọ, AE86 ni, Corolla kékeré tí ẹ̀yìn ń tì tí Toyota ṣe láti 1983, tí àwọn ọ̀dọ́ Japan fi ń gba kọ́nà orí òkè lóru. Àwọn tó ṣe tuntun yìí tún wá rí i pé ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 86, pístìnnì rẹ̀ sì ń rìn mìlímítà 86. Inú wọn dùn bí ẹni rí owó he.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Táyà, orúnkún òsì ń dùn mí. Ṣé kí n ra ọtomátíìkì, àbí kí n gbàgbé irú ọkọ̀ yìí? — Àgbà Ò Sí Níbẹ̀

ÌDÁHÙN: Tèmi náà ń dùn mí, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ra ọtomátíìkì. Nínú 86 ó máa lọ́ra, láti 7.6 á di 8.2, nítorí náà bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, Mustang ló bá a mu jù nínú mẹ́rin òkè yẹn, tọ́bò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ìsàlẹ̀, kò nílò kí ẹ máa wá jíà kiri. Ẹ sì wo Mazda MX-5 RF pẹ̀lú. Ìjókòó méjì péré, òrùlé rẹ̀ ń ká wọlé fúnra rẹ̀, kò sì wọn ju bíi 1,100 kìlógíráàmù lọ. Ìṣòro rẹ̀ fún orúnkún wa kì í ṣe wíwà rẹ̀, jíjáde nínú rẹ̀ ni. Èmi máa ń di orí ilẹ̀kùn mú, mo máa ń ka ẹẹ́ta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ènìyàn lè jókòó sẹ́yìn 86? — Bàbá Ọmọ Méjì

ÌDÁHÙN: 370Z kò ní ẹ̀yìn rárá, nítorí náà 86 ti borí níbẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn méjì wà. Bí o bá ká wọn lélẹ̀, táyà mẹ́rin pẹ̀lú àgbá wọn máa wọlé láti búùtù. Àwọn tó ṣe é ti wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń lọ sí pápá eré lè gbé táyà ìpààrọ̀ lọ. Mo ti gbé mẹ́rin rí, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí a fi délé. Ọmọ kékeré lè jókòó síbẹ̀, bí ẹni tó wà níwájú bá gbà láti fi eékún kan àgbọ̀n. Àbúrò bàbá mi jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fún ogún ìṣẹ́jú. Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Ó ṣì ń sọ ọ́ níbi tí a bá ti pàdé.